Ère Ẹlẹ́rìn-ín tí Òkun Gbé Wá sí Mioiwa

Ní abúlé wa, Tomarise, òkun ló ń sọ ìgbà tí ènìyàn lè lọ kí òrìṣà. Ojúbọ wa wà lórí àpáta Mioiwa, láàárín omi, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì dé ibẹ̀ ni iyanrìn tóóró kan tó máa ń yọjú nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Bí omi bá tún kún, ọ̀nà ti di nìyẹn. Ẹni tó bá gbàdúrà gígùn, orí àpáta ni yóò wà títí, òun àti àwọn ẹyẹ òkun. Ìdí nìyẹn tí àdúrà àwa ará Tomarise fi kúrú. Àwọn àlejò rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, a ò sì já wọn nírọ́.

Ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń ta tíì àti ẹja yíyan, wà létí iyanrìn náà gan-an, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà pupa ojúbọ tó dúró sínú omi. Kò sí ẹni tó ń lọ sí Mioiwa tí mi ò rí, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tutù. Ẹsẹ̀ tútù ló sì ń ra tíì. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé Sawaragi Tomie ò tẹsẹ̀ bọ ojúbọ yẹn rí ní gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ fi wà láyé, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan.

Ẹ̀gbọ́n ni Tomie jẹ́ fún mi, ògiri ilé wa sì kan ara wọn. Iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ mú ìgbín omi ló ṣe títí àyà rẹ̀ ò fi gbà á mọ́. Bí wọ́n bá ní kó wá kí òrìṣà, á ní, "Èmi tí mo ti wọ abẹ́ àpáta yẹn káàkiri, tí mo mọ gbogbo ihò ibẹ̀? Mi ò rí òrìṣà kankan. Akàn ni mo rí." Ojú rẹ̀ le. Mi ò ní ó burẹ́wà o, ó le ni. Bí ọmọ kan bá ń ké ní àdúgbò wa, tí wọ́n bá ní Màmá Tomie ń bọ̀, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín rẹ̀, àfi bó bá ń jẹun tàbí bó bá ń bú ènìyàn, kò sí ẹni tó ń rí i.

Ẹni tó sì ń bú jù ni ọkọ rẹ̀, Jinpachi. Kí n má parọ́ mọ́ òkú, òpùrọ́ paraku ni ọkùnrin náà. Ó ní àbùùbùtán kan pe òun lórúkọ lójú agbami, ó sì béèrè àlàáfíà ilé. Ó ní òun àti gómìnà ti jọ mutí rí, pé gómìnà ló kọ́kọ́ sùn. Bí Jinpachi bá ní òjò ń rọ̀, ńṣe ni wàá kọ́kọ́ na ọwọ́ síta kí o tó wá agboòrùn. Gbogbo wa ló máa ń bá a rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó rẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni mo máa ń gbọ́ ohùn Tomie lórí ògiri: "Òpùrọ́! Ẹnu rẹ ò ní rẹ̀ ọ́ ni?" Òun náà á ní, "Ẹnu ò rẹ ìwọ náà." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ayé wọn.

Nígbà tí Jinpachi kú, a wọ aṣọ dúdú, a lọ kí ìyàwó rẹ̀. A ti pèsè ọ̀rọ̀ ìtùnú sílẹ̀ lẹ́nu. Tomie jókòó síwájú pátákó kékeré tí wọ́n kọ orúkọ òkú sí, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ ṣé. Ilé á dákẹ́ wàyí." A gbé ọ̀rọ̀ ìtùnú wa padà sílé, à ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà pé irú obìnrin wo lèyí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni òrìṣà dé. Ebisu ni òrìṣà àwọn apẹja, ẹlẹ́rìn-ín ni, láti ibi tẹ́nìkan ò mọ̀ ló sì ti bá omi wá. Nítorí náà, ohunkóhun tí òkun bá gbé wá síwájú Mioiwa tí kò bá ní olóhun, a kì í fẹsẹ̀ ta á. Ebisu ni. Bó jẹ́ òkúta, bó jẹ́ ìkòkò fífọ́, a ó gbé e gorí àpáta, a ó sì máa kí i. Nígbà ayé bàbá mi àgbà, ìgò róbótó kan tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ń so mọ́ àwọ̀n ló jẹ òrìṣà níbẹ̀, títí ìjì fi fọ́ ọ. Wọ́n ní ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Baba Kuzuhara, olórí àwọn tó ń tọ́jú ojúbọ, ló rí ti ọ̀tẹ̀ yìí nígbà tó ń gbá iyanrìn. Igi ni, kò gùn ju apá lọ, ìkarahun wẹ́wẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, omi sì ti fọ̀ ọ́ dán. Ṣùgbọ́n ó ní ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ róbótó, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ sí ẹ̀rín, ojú rẹ̀ méjèèjì sì dì. Baba Kuzuhara gbé e sókè, ó ń pariwo, "Ẹ wá wò ó! Ẹ̀rín yẹn ti pọ̀ débi pé ó ti di í lójú!" Ta ni ì bá ṣiyèméjì? Ebisu fúnra rẹ̀ ló wálé. Wọ́n kọ́ ilé kékeré fún un lábẹ́ igi páínì tí atẹ́gùn òkun ti tẹ̀ lórí Mioiwa, wọ́n to òkúta sórí òrùlé rẹ̀ kí ìjì má baà gbé e.

Lọ́dún yẹn, katsuo, ẹja tó ń bọ́ wa, wá bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Àwọn ọkọ̀ ojú omi wa fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. Òkìkí kàn, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìlú ńlá, tìyá tọmọ, wọ́n ń tẹríba, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sáré padà kí omi tó ká wọn mọ́bẹ̀. Mo fi bẹ́ǹṣì kún bẹ́ǹṣì. Mo fẹ́ràn òrìṣà yẹn, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ ohun tó yà wá lẹ́nu ju ẹja lọ ni Tomie. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ! Kí omi ṣáà ti fà, ẹ ó rí i tí ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé òrìṣà lẹ ń lọ kí?"

"Ta ló bi ọ́? Mò ń na ẹsẹ̀ mi ni."

Kì í pàtẹ́wọ́, kì í tẹríba. Á kàn dúró síwájú ilé kékeré náà, á tẹjú mọ́ ère bí ẹni tí ẹjọ́ wà láàárín wọn, títí omi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀nà. Inú abúlé dùn. Wọ́n ní opó ti yí padà. Minobe, àwòrò wa tó máa ń wa mọ́tò kékeré rẹ̀ kiri àwọn ojúbọ etíkun, fi í ṣe àpẹẹrẹ níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní ẹ wo bí ọkàn líle ṣe ń rọ̀. Tomie wà lẹ́yìn, ó pòṣé débi pé àwòrò gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn.

Lọ́jọ́ kan, òjò ká a mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, àwa méjì nìkan. Mo bu tíì fún un. Kò mu ún.

"Hisano," ó ní, "ta lo rò pé ère yẹn jẹ́?"

"Èwo? Tòrìṣà? Ebisu ni."

"Jinpachi ló gbẹ́ ẹ."

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹja tí mò ń yí. "Ère ta ló gbẹ́?"

"Tèmi."

Mo wò ó. Mo tún wò ó. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀rín ló pa mí, mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹja jóná. "Tiyín kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń rẹ́rìn-ín yẹn?"

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn! Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé e, mo jù ú láti orí òkè sínú òkun, mo ní kó lọ máa bá ẹja rẹ́rìn-ín."

"Kí ni Jinpachi wí?"

"Ó ní kò burú, òun á gbẹ́ òmíràn." Ó ti ife tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kò gbẹ́ òmíràn. Inú ti ń run ún nígbà yẹn, mo bi í, ó ní ọtí àná ni. Ó purọ́ fún mi títí ó fi kú."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ bá Baba Kuzuhara, ẹ ní kó fún yín ní nǹkan yín."

"Kí n sọ pé kí ni? Kí n dúró níwájú gbogbo Tomarise, kí n ní mò ń wá ohun tí Jinpachi fọwọ́ ṣe? Èmi? Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe fi ọkùnrin yẹn wọ́lẹ̀ lójú yín? Ẹ ó fi mí ṣẹ̀sín títí n ó fi kú." Ó dìde, ó fa aṣọ borí. "Àti pé ère burúkú ni. Mi ò fẹ́ ẹ. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, màá sọ irú ẹja tí o ń yan fún àwọn àlejò." Ó bọ́ sínú òjò.

Ẹja mi dára. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù lóore, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Lọ́dún tó tún yí po, katsuo ò wá. Àwọn ọkọ̀ lọ, wọ́n bọ̀ lófìfo. Baba Kuzuhara pe ìpàdé sílé rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí Ebisu tó bá ti rẹ̀ kò ṣòro: wọn á bu ọtí ìrẹsì sí i lára, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á fi ọkọ̀ gbé e kọjá etí ilẹ̀, wọn á dá a padà sínú òkun pé kó lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n mú ọjọ́ ọdún òkun. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí Tomie tó dìde.

"Kí ni ìkánjú yín?" ó ní. "Òrìṣà ni ẹ ń lé bí ẹni lé ayálégbé? Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹríba fún un lánàá? Ẹ ò ní sùúrù, ẹ ò ní ìgbàgbọ́!"

Tomie ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Tomie alákàn! Baba Kuzuhara ya ẹnu sílẹ̀. Ó ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá fún ìtara rẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn ò mọ sùúrù. Nígbà tí wọ́n tún pe ìpàdé lọ́jọ́ mìíràn, Tomie gbé ìgbín òkun kan wá, ó tó àwo fẹ̀. Ó ní òun gbàdúrà ní Mioiwa, òun wọ omi, òrìṣà sì fi èyí ta òun lọ́rẹ. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, pẹ̀lú àyà tí kò gbà á mọ́! Ẹnu ń ya àwọn ènìyàn. Èmi tí mo jókòó tì í rí okùn rọ́bà búlúù tí wọ́n fi ń so ìgbín ní ọjà ìlú kejì, ó ṣì wà lára ìkarahun rẹ̀. Mo yáa fi ọwọ́ bò ó, mo já a kúrò. Baba Kuzuhara fi ìgbín náà mu ọtí, ó yìn ín púpọ̀, ó nu ẹnu, ó ní, "Ṣùgbọ́n ìgbín kọ́ là ń wá."

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀."

Ó ní, "Irọ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lò tán. Jinpachi ni ì bá mọ irú èyí tó yẹ kí n pa." Mo mọ̀ pé kò ní sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ ọdún pé. Gbogbo abúlé dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ọkọ̀ tí wọ́n fi àsíá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ń dúró létí omi, nítorí àwọn òkúta abẹ́ omi ò jẹ́ kí ọkọ̀ sún mọ́ Mioiwa. Àwòrò Minobe pẹ́ dé, ojúbọ mìíràn ló ti kọ́kọ́ yà. Nígbà tí òun, Baba Kuzuhara àtàwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun fi gbé Ebisu jáde nínú ilé rẹ̀, omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Wọ́n ń yára bọ̀ lórí iyanrìn, Baba Kuzuhara gbé ère náà mọ́ àyà nínú aṣọ funfun.

Tomie wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Kí n tó yíjú, ó ti bọ́ sínú omi, ó ń lọ pàdé wọn, ó sì lọ dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà pupa gan-an. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àárín ibẹ̀, ọ̀nà òrìṣà ni, ẹ̀gbẹ́ la máa ń gbà. Àwọn àgbàlagbà pariwo hàà.

"Tomie, yàgò!" Baba Kuzuhara ní. "Ṣé o mọ ibi tí o dúró sí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Omi ń kún o!"

"Èmi àti ẹ̀yin, ta ni kò mọ̀ wẹ̀?"

"Kí lo wá ń fẹ́?"

"Ohun tó wà láyà yín yẹn. Tèmi ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Àwòrò Minobe gbé aṣọ rẹ̀ sókè kúrò lómi, ó wo Tomie tìyanu tìyanu, ó ní, "Màmá, Ebisu kì í ní olóhun. Bó bá ní olóhun, a jẹ́ pé kì í ṣe Ebisu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní tòun ni gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe dénú òkun. Kó sọ ọ́ sókè, kí òkun gbọ́, kí ènìyàn gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Tomie yíjú sí wa. Ó wo gbogbo abúlé tó tò létí omi, ojúlé sí ojúlé, àwọn tó ti bú, àwọn tó ti lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí ẹlòmíràn lè bá ènìyàn sọ.

"Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ," ó ní. "Jinpachi. Ère tèmi ló gbẹ́."

Ẹ̀rín bú. Àwọn ọkùnrin inú omi pàápàá ò lè pa á mọ́ra. Obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn, "Màmá Tomie, ìgbà wo lẹ rẹ́rìn-ín rí?"

"Ohun tí mo bi í nìyẹn!" Ohùn Tomie dún débi pé àwọn ẹyẹ fò lórí Mioiwa. "Ohun tí mo bi í nìyẹn. Mo ní, 'Ta lèyí?' Ó ní, 'Ìwọ ni.' Mo ní, 'Òpùrọ́, ìgbà wo lo rí mi tí mo rẹ́rìn-ín?' Ó ní, 'Lálaalẹ́. Bí o bá ti sùn, o máa ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń jí láti wò ó.' Mo ní irọ́ ni. Mo jù ú sínú òkun níṣojú rẹ̀." Omi ti dé orúnkún rẹ̀. "Ẹ ti gbọ́. Mo fẹ́ ère mi. Mo fẹ́ ẹ. Ẹ gbé e fún mi."

Baba Kuzuhara ṣí aṣọ funfun náà, ó wo ère yẹn fún ìgbà pípẹ́, ère tí òun fúnra rẹ̀ ń kí láràárọ̀. Ó wo ojú rẹ̀ méjèèjì tó dì.

"Ẹ̀rín la ní ó di í lójú," ó ní wẹ́rẹ́. "Oorun ni."

Ó tẹríba fún un ní ìgbẹ̀yìn, ó sì gbé e fún Tomie.

Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú sá, nítorí omi ò dúró de ìkáàánú ẹnìkankan. Ẹsẹ̀ kan bàtà àwòrò bá ìgbì lọ níbẹ̀. Títí dòní, Baba Kuzuhara ṣì máa ń wo etí omi nígbà tó bá ń gbálẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé kí bàtà náà má lọ padà wá di Ebisu.

Katsuo dé nígbà tó yá. Àwọn kan ní òrìṣà ló dúpẹ́ pé wọ́n dá aya padà fún ọkọ, àwọn kan ní omi ló kàn móoru. Ilé kékeré abẹ́ igi páínì ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ṣì ń wá, wọ́n ṣì ń tẹríba fún un, ẹsẹ̀ wọn sì ń tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Èmi kọ́ ni n ó kọ́kọ́ sọ.

Ní ti Tomie, ẹ má rò pé ó rọ̀. Láràárọ̀ ni mo tún ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ògiri, ó gbé ère náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó orúkọ Jinpachi, ó ń bú àwọn méjèèjì: "Òpùrọ́! O rí gbogbo ìtìjú tí o kó bá mi?" Ilé tó ní yóò dákẹ́ ò dákẹ́ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ẹja yíyan lọ fún un. Mo kí ẹnu ọ̀nà, kò dáhùn. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Oorun ti gbé e lọ lórí ẹní níwájú pátákó náà, ère wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Mo rọra gbé àwo ẹja kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Jinpachi ò purọ́.